Àwọ̀ Ewé Níwájú Orí Ọmọ Mi

Ojo ni mí. Àwọn tí mo kọ́ ní físíìsì ní Òmù-Àrán kò ní gbà bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n mọ ariwo mi. Mo máa ń fi pàṣán na pátákó ìkọ̀wé bí ẹni pé pátákó ló gba òdo nínú ìdánwò. Ariwo yẹn ni mo fi ń bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀, ìyá mi nìkan ló sì mọ̀.

Ẹ̀rù náà ní ìdí. Ọmọ wa àkọ́kọ́, ọkùnrin, kò ju ọmọ ọdún kan àbọ̀ lọ nígbà tí ibà kan mú un láàárọ̀. A gbé e dé ilé ìwòsàn, òkú rẹ̀ ni mo gbé jáde níbẹ̀ kó tó di àṣálẹ́. Nígbà tí a tún bí obìnrin, ara mi kò balẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí n tó dá ìyàwó mi lóhùn, iwájú orí ọmọ ni mo kọ́kọ́ ń fọwọ́ bà. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré nínú oòrùn tán, tí ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọkàn mi ti já nìyẹn. Ìyàwó mi a ní, "Bàbá ọmọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí mí." Ẹ̀rín ni òun fi ń sọ ọ́, èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló fẹ́ gbà mí lọ́wọ́ ara mi. Owó epo rọ̀bì ti gbé e dé òkè òkun lẹ́ẹ̀mejì kí owó náà tó gbẹ, kó tó di pé wàrà alágolo àti ọṣẹ di ohun tí à ń tò fún. Nígbà tó wálé fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó mú nǹkan méjì wá fún mi: kakulétọ̀ pẹlẹbẹ kan tí à ń fi ṣe ìṣirò, àti ọ̀já rọ́bà dúdú kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lẹ èyí mọ́ iwájú orí ọmọ," ló wí. "Nọ́ńbà tó bá di àwọ̀ ewé ni ìgbóná ara rẹ̀. Ẹ yé fi ọwọ́ dààmú rẹ̀ mọ́."

Inú mi dùn débi pé mo kó méjèèjì lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀yà ohun olómi kan náà ló wà nínú wọn. Ó ń ṣàn bí epo, síbẹ̀ inú rẹ̀ tò. Mo ní kí àwọn ọmọ ronú bí wọ́n ṣe ń tò jáde lẹ́yìn àdúrà àárọ̀: gbogbo wọn ló ń rìn, kò sẹ́ni tó dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí. Nínú kakulétọ̀, bí iná bátìrì bá kan àwọn wóró kéékèèké inú ohun olómi yìí, wọn yóò yíjú lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí wọ́n bá ti yíjú, ìmọ́lẹ̀ kò ní ráyè kọjá, ibẹ̀ yóò sì dúdú. Dúdú yẹn ni nọ́ńbà tí à ń kà. Bí iná bá kúrò, wọn yóò padà sí bí wọ́n ti wà.

Mo gbé kakulétọ̀ náà sójú fèrèsé nínú oòrùn ọ̀sán kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ooru. Kò pẹ́ tí gbogbo ojú rẹ̀ fi ṣú. Àwọn ọmọ pariwo pé tíṣà ti ba ti ẹ̀ jẹ́, èmi náà sì ti ń làágùn lábẹ́ ẹ̀wù. Mo gbé e sórí sìmẹ́ńtì tútù, ojú rẹ̀ là padà. Mo ṣàlàyé pé ooru ló tú ìtò wọn ká, iná kò rí ẹni tí yóò pàṣẹ fún mọ́. Ti ọ̀já rọ́bà yàtọ̀ ní tirẹ̀, kò fẹ́ iná rárá. Ohun inú rẹ̀ lọ́ bí okùn. Bí ooru bá ń pọ̀ sí i, lílọ́ yẹn ń le sí i, àwọ̀ tó ń dá padà sí ojú wa sì ń yí, láti pupa rúsúrúsú dé àwọ̀ ewé, títí dé àwọ̀ aró. Bí ooru bá kọjá agbára nọ́ńbà kan, nọ́ńbà náà yóò tún ṣókùnkùn. Lẹ́yìn èyí ni mo kọ gbólóhùn kan sójú pátákó, mo fa ilà méjì sábẹ́ rẹ̀: Tẹmómítà kì í sọ ìgbóná ẹlòmíràn, ti ara rẹ̀ ló ń sọ. Mo na ọmọ kan tí kò kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọyẹ́ ọdún náà mú gan-an. Ìyá mi ti wá láti Agbamu láti bá wa gbé fún ìgbà díẹ̀, nítorí ìyàwó mi náà ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, jí, kò fẹ́ ẹ̀kọ, kò fẹ́ eré, orí ló ń dì mú. Ìyàwó mi ki aṣọ bọ omi tútù, ó fi nu gbogbo ara rẹ̀. Ìyá mi gbé igbá òrí rẹ̀ jáde. Òtútù ti mú kí òrí náà dì, ó fi àtàǹpàkò họ ọ́, ó rà á láàárín àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi pa orí ọmọ láti àwùjẹ dé ìpéǹpéjú, bí wọ́n ti ń ṣe é fún gbogbo wa nígbà tí a wà léwe. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé e, tí kò sì tètè gbé e kúrò.

"Tíṣà," ló wí. Bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí bí ọ̀rọ̀ bá le. "Ọmọ yìí gbóná. Kì í ṣe gbígbóná tí mo mọ̀. Ẹ gbé e lọ kí dókítà tó lọ."

Dókítà kan ṣoṣo tó ń wá sí ilé ìwòsàn ìlú wa nígbà náà kì í pẹ́ ju ọ̀sán lọ. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlú mọ̀.

"Màámi, ẹ ní sùúrù," ni mo wí. Mo mú ọ̀já rọ́bà mi jáde nínú àpò ìwé tí mo fi pa á mọ́. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí òrí, mọ́ orí omi tí kò tíì gbẹ, fèrèsé sì wà ní ṣíṣí, tí atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé. Mo dúró. Nọ́ńbà ẹni tí ara rẹ̀ le ló di àwọ̀ ewé, ewé tó tutù minimini. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Ẹ wò ó! Ara ọmọ dá!"

Ìyá mi kò wo ọ̀já. "Ọmọ mẹ́sàn-án ni ọwọ́ mi yìí ti wò," ló wí. "Ta ni nǹkan dúdú yìí ti wò rí?"

Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé nínú ọyẹ́ ọwọ́ àgbà tutù, gbogbo ohun tó bá sì kàn ló máa jọ gbígbóná lójú rẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ o. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gbàgbé rẹ̀. Ìyàwó mi ní, "Bàbá ọmọ, ẹ jẹ́ ká kàn lọ. Bí kò bá sí nǹkan, a óò padà." Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní ṣé èmi tí mo kàwé ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ohun tí ń jẹ́ ìgbóná ni.

Àwọn tó gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi rò pé ìgbéraga ni. Ìgbéraga wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn ni mo ti gbé òkú ọmọ kan kọjá, ara mi kò sì lè gbé òmíràn wọ ibẹ̀. Ọ̀já náà sọ pé kò pọn dandan kí n lọ. Ká ní ó sọ nǹkan mìíràn, bóyá ǹ bá tún un lẹ̀ títí yóò fi sọ ohun tí mo fẹ́. Mo wọ bàtà mi, mo lọ sí ilé ìwé, mo sì kọ́ kíláàsì méjì.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí mo rí ìyàwó mi tó ń sáré bọ̀ lórí pápá, láìwé gèlè, bàtà kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀. "Gìrì ti mú un!" ló ń ké. N kò mọ bí mo ṣe délé. Ọmọ wà lórí itan ìyá mi, ọrùn rẹ̀ le gan-in, ojú rẹ̀ yí sókè. Òrí tó dì láàárọ̀ ti yọ́, ó ń ṣàn gba ẹ̀bátí rẹ̀ lọ sínú etí. Mo fi ẹ̀wù mi nu iwájú orí rẹ̀ títí tó fi gbẹ, mo lẹ ọ̀já mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ dúdú. Kò sí nọ́ńbà kan tó tàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi ni mo kọ́ni ní ìtumọ̀ ìyẹn: ooru ti kọjá gbogbo nọ́ńbà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìyá mi ló dá mi dìde. Dókítà ti lọ. Pásítọ̀ tó wà nítòsí wa fi mọ́tò Volkswagen rẹ̀ tí à ń pè ní ìjàpá gbé wa, pẹ̀lú epo díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn tó jìnnà, lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò. Ní gbogbo ọ̀nà, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n wẹ̀yìn wò. Bí ìyàwó mi bá dákẹ́, màá rò pé ó ti parí. Bó bá kígbe, màá rò bẹ́ẹ̀ náà.

Yírùnyírùn, àìsàn tó ń kọlu awọ ọpọlọ, ni dókítà ibẹ̀ pè é. Ó bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, mo ní láàárọ̀. Ó wo aago ara ògiri, ó ń kọ̀wé lọ. A lo ọjọ́ mọ́kànlá níbẹ̀. Ọmọ kò kú. Nígbà tó lè jókòó, abọ́ já bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wa fò sókè, ọmọ ń fi ìka rẹ̀ ṣeré lọ. Etí òsì kò gbọ́ nǹkankan mọ́. Nígbà tó yá, ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí a bá gbé ohùn sókè.

Ìyá mi pẹ́ láyé lẹ́yìn náà, kò dárúkọ ọ̀rọ̀ àárọ̀ yẹn sí mi létí lẹ́ẹ̀kan rí. Ìyàwó mi náà kò sọ ọ́. Ká ní wọ́n bú mi, bóyá ǹ bá ti mọ bí màá ṣe tọrọ àforíjì.

Ọmọ náà dàgbà, ó mọ̀wé, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tó wálé fún ìsinmi, ó gbé àga wá sí ẹ̀gbẹ́ òsì mi, kí etí rẹ̀ tó ń gbọ́ lè wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti kọ́ wọn ní yírùnyírùn, ló wí. Wọ́n ní bí a bá tètè gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, kì í sábà kan etí.

"Bàbá mi, ìgbà wo lẹ gbé mi lọ?"

Ìyàwó mi ń gé ilá lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró.

"Lọ́jọ́ náà gan-an ni," ni mo wí, mo gbé ohùn mi sókè kó lè gbọ́.

Ó mi orí pé ó yé òun, ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.