Tokpota Ni Ògiri Ti Wó Lù Mí, Kì Í Ṣe Nàìjíríà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ àwọn ará ilé Ọlọ́run. Inú ṣì ń bí mi!

Aránṣọ ni mí ní Tokpota, nínú ìlú Porto-Novo. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti là tipẹ́. Mo sọ fún pásítọ̀ títí, ó ní àdúrà ló gbé e dúró. Ọjọ́ kan lòjò rọ̀, ògiri wó lu ṣọ́ọ̀bù mi, ó ṣẹ́ mi lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ tí mo fi ń gé aṣọ!

Wọ́n wá kí mi, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ. Owó ìtọ́jú ńkọ́? Wọn ò san nǹkan kan. Mo bá pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹbí mi ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo ní ta ló fẹ́ bá wọn ṣọ̀rẹ́?

Ẹ wá gbọ́ o! Agbẹjọ́rò wọn, avoká ńlá kan láti Kútọnu, ní olú ìjọ wà ní Nàìjíríà, ẹ̀ka lásán ni ti Tokpota, nítorí náà ilé ẹjọ́ Porto-Novo kò láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Kí n gba ẹnubodè Kraké kọjá, kí n lọ pe ẹjọ́ lọ́hùn-ún. Ṣé láti Nàìjíríà ni ògiri ti wó wá bá mi ni?

Ibẹ̀ ni mo rántí ìrẹsì. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Kí ògiri tó wó, pásítọ̀ bá olú ìjọ jà, ó sì fi ìkórè ọdún náà ṣe àjọyọ̀ pé àwọn ti dá dúró. Bí àwa Mùsùlùmí ṣe ń fún wọn lẹ́ran Iléyá, wọ́n gbé ìrẹsì ká gbogbo ilé, èmi náà sì gbà.

Mo bẹ Àlàájì aládùúgbò wa kó wá jẹ́rìí. Ó dìde, ó ní: "Ọ̀gá adájọ́, mo jẹ nínú ìrẹsì yẹn. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ó ní àwọn ò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́, àfi Ọlọ́run."

Gbogbo ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ń wo ilẹ̀. Adájọ́ ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti dá dúró, Porto-Novo níbi tí mo ti fara pa ni wọ́n á ti gbọ́ ẹjọ́ náà.

Ẹjọ́ ò tíì parí, ọwọ́ mi náà ò tíì nà tán. Àwọn ará ìjọ náà ní Ọlọ́run ni mò ń bá jà. Irọ́ ni! Ọlọ́run kọ́ ló mọ ògiri burúkú.

Ṣé wọ́n ti fi orúkọ Ọlọ́run pa yín lẹ́nu mọ́ rí? Ẹ sọ tiyín fún wa níbí. Ẹni tó bá ṣe yín léṣe, ẹ má jẹ́ kó tún bá yín yan ibi tí ẹ ti máa ké.