Dígí Tí Bàbá Mi Ń Nù

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Béèyàn bá lá ètè, eruku ló máa kọ́kọ́ tọ́ wò. Mo wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, mo sì gbà pé kò sẹ́ni tó gbọ́n tó mi. Iṣẹ́ mi ni láti jókòó sójú kan, kí n mọ bí afẹ́fẹ́ ọ̀nà jíjìn ṣe wúwo tó. Mo máa ń tan iná kan tí ojú kì í rí láti orí òrùlé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa sí dígí kan tó wà lára ògiri ilé bàbá mi ní àdúgbò Mayfair. Dígí á dá iná náà padà, èmi á sì ka iye tí afẹ́fẹ́ gbé mì lọ́nà. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe wúwo tó ni yóò ṣe gbé iná mì tó.

Bàbá mi, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ló kan pákó tí dígí náà jókòó lé. Láràárọ̀ ló ń gun àkàsọ̀ lọ fi àkísà nù ún.

“Iná tí ojú ò rí,” ó ń rẹ́rìn-ín, “ṣé afọ́jú lo fẹ́ tàn án fún ni?”

“Bàbá, ẹ ṣáà máa bá mi nù ún.”

Iná méjì ló yẹ kí n lò: ọ̀kan tí afẹ́fẹ́ ń gbé mì, àti ọ̀kan tí kì í gbé mì, kí eruku má baà tan èèyàn jẹ: bí méjèèjì bá jọ dínkù, eruku ni, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Èkejì bàjẹ́. Olùkọ́ mi ní kí n ní sùúrù ká tún un ṣe. Mo ní ọ̀kan ti tó.

Lọ́jọ́ Ajé kan, iná tó ń padà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó tún dínkù, nígbà tó di Ọjọ́rú, ó kù díẹ̀ kó tán. Mo ń jó nínú yàrá. Mo ní afẹ́fẹ́ ló ń wúwo sí i, mo ti rí ohun tẹ́nì kan ò rí rí. Mo tilẹ̀kùn, mo ń kọ̀wé. Ẹnì kan kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, mo dákẹ́ kó lè lọ.

Aládùúgbò wa kan, obìnrin, ló wá pè mí. Àárọ̀ Ajé ni bàbá mi já bọ́ láti orí àkàsọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo tó jáde gbọ́; nígbà tí mo fi máa dé ọsibítù, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú.

“Ìwọ ni bàbá rẹ ń bèèrè ṣáá,” ni aládùúgbò náà wí. “Ó ní ká bá òun nu dígí ọmọ òun. A rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.”

Àwọn àgbà ní òkèèrè lolójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ọjọ́ mẹ́ta ni àmì wà níwájú mi, ijó ni mo ń jó. Mo ṣì ní ìwé yẹn nínú àpótí mi, pẹ̀lú ìlà tó ń wálẹ̀ láti Ajé títí di Ọjọ́rú. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ń wúwo. Irọ́ ni. Ẹni tó ń nu eruku kúrò lára dígí ni kò sí níbẹ̀ mọ́, ó sì wà láàyè fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ó ń bèèrè mi.