Tíṣà Olinda àti Àwọn Ọmọ Tí Kì í Dá Dìde

Nígbà tí Olinda Ccahuana kọ́kọ́ dé abúlé Pukaurqo lórí òkè láti wá kọ́ àwọn ọmọ, ó rò pé odi ni wọ́n kó fún òun. Ọmọ méjìdínlógún, kíláàsì mẹ́fà, yàrá kan ṣoṣo. Àwọn díẹ̀ gbọ́ Sípáníìṣì, Kẹ́shúà, èdè àwọn ará òkè, nìkan làwọn tó kù ń sọ. Tó bá ti pe ẹnì kan síwájú pátákó, ọmọ náà á kàn máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Wọ́n wá ránṣẹ́ pé alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Tí àwọn ọmọ ò bá mọ ìṣirò, wọ́n á ti ilé-ìwé náà pa, káwọn ọmọ máa fẹsẹ̀ rin wákàtí méjì lọ sísàlẹ̀ òkè.

Olinda lọ bá Don Hilario, bàbá Saturnina, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, lóko pòtétò, ó ní ọmọ wọn ò lanu rí. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ta lẹ rí tó ń dá kọlẹ̀ níbí? Ẹni méjì ló ń fẹsẹ̀ ti irin ìkọlẹ̀ wọlẹ̀, ẹnì kẹta ló ń yí ilẹ̀ dà. Ẹ wá ní kí ọmọ mi dá dúró, kí gbogbo ayé máa wò ó. Kí ló jí?"

Ojú ti Olinda. Orí òkè ni wọ́n bí òun náà sí o. Ìlú ńlá ló jẹ́ kó gbàgbé.

Lọ́jọ́ kejì ó pín àwọn ọmọ ní mẹ́ta-mẹ́ta: àgbà kan, kékeré kan, ẹnì kan tó gbọ́ Sípáníìṣì. Ó da àgbàdo síwájú wọn kí wọ́n máa fi kà. Ariwo sọ. Saturnina ń bá ọmọ kíláàsì kẹfà jà, ó ní bí olè ló ṣe ń pín nǹkan.

Ọjọ́bọ̀ pé, alábẹ̀wò dé, ó ń ránmú sọ̀rọ̀: "Ìwọ-ọ̀-ọ̀. Dìde. Ìwọ nìka-a-an." Saturnina ló nàka sí. Àgùntàn mẹ́rìndínlógójì, ká pín in sọ́nà mẹ́rin, mélòó ni ìpín kan?

Ọmọ dìde, ó ń wo ẹsẹ̀. Ni àwọn méjì yòókù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dìde tì í. Alábẹ̀wò ní kí wọ́n jókòó, wọn ò mira. Efraín, èyí tó gbọ́ Sípáníìṣì nínú wọn, kàn tún ìbéèrè yẹn sọ fún un ní Kẹ́shúà, kò fi ìdáhùn kún un.

"Mẹ́sàn-án," ni Saturnina wí. "Tẹ́ ẹ bá ta ìyẹn, ó ku mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

Alábẹ̀wò yíjú sí Olinda, ó bi í bóyá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Bí wọ́n ṣe ń ro oko náà nìyẹn."

Alábẹ̀wò dán àwọn ìyókù wò. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń dìde, wọ́n sì ń gbà á. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ilé-ìwé wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀kadà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, Olinda jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, eékún kan àgbọ̀n. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé òun ò tíì jẹun látàná. Ó bi wọ́n pé ta ló ní pòtétò lọ́wọ́.