Bọ́tìnnì tí Mo Fi Rọ́pò Kọ́kọ́rọ́

Mo rántí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi máa ń yọ fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà, tí yóò já bọ́ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, tí ọkọ̀ náà yóò sì máa sáré lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ ogbó ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti lò ó kó tó kàn mí. Láàárọ̀, n ó yí kọ́kọ́rọ́, yóò kọ̀. N ó tún un yí, yóò húkọ́. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá, ẹ́ńjìnnì á sì dáhùn. Kò já mi kulẹ̀ rí. Ojú ló kàn ń tì mí.

Ìbà là ń gbé nígbà náà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń ra ọkọ̀ tó jẹ́ pé bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí a bá jọ jáde, wọn á fìka kan tẹ tiwọn, wọn á lọ, èmi á ṣì wà níbẹ̀ tí n ó máa yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ó dùn mí púpọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń ta irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ l'Álábá, tí wọ́n sì lè fi sínú ọkọ̀ àtijọ́, mo ra ọ̀kan, mo gbé e lọ bá rewáyà, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ní Okokomáíkò.

Ẹnu rewáyà yìí dùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó na rìmóòtù dúdú kékeré kan sí mi, ó ní, “Ọ̀gá, once nǹkan yìí bá ti wà nínú mọ́tò, ẹ kàn tẹ bọ́tìnnì ni. Tí rìmóòtù yìí bá ti jìnnà sí mọ́tò, kò sẹ́ni tó lè stáàtì ẹ̀, olè gan-an ò tó bẹ́ẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe? Ẹ jẹ́ ká yọ ihò ẹ̀ dànù, kó neat.” Mo ní kó yọ ọ́. Ìyàwó mi béèrè pé bí bọ́tìnnì bá wá kọ̀ ńkọ́, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ayé ti kọjá ibẹ̀. Olùkọ́ yunifásítì ló ń sọ̀rọ̀ o.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ìyọnu fi dé. Bí òjò bá rọ̀, bọ́tìnnì náà kò ní gbọ́. Bí oòrùn bá mú, yóò máa ké pí-pí láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì gbé e padà fún rewáyà, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Mo wá di ẹni tí kì í pa ọkọ̀ rẹ̀ níbikíbi àfi nílé tàbí níbi iṣẹ́, nítorí ta ló mọ̀ bóyá yóò tún jí?

Láàárín ìyọnu yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìjánikin pe ìyàwó mi fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ló ti ń wá iṣẹ́ olùkọ́, ilé ló sì wà títí di ọjọ́ náà. Ó fẹ́ tètè wọ mọ́tò èrò lọ, àmọ́ mo fárígá. Mo ní ìyàwó mi ò ní máa tẹ ara rẹ̀ mọ́ èrò nígbà tí èmi ní bọ́tìnnì. Ìyá mi tó wá kí wa láti Èkìtì náà ń padà lọ́jọ́ yẹn, mo sì ní a ó kọ́kọ́ gbé wọn dé gáréèjì ní Okokomáíkò.

Ìyá mi ló jókòó níwájú, bó ṣe yẹ kó rí. Ọ̀nà Ìbà ń gbọ̀n wá sọ́tùn-ún sósì, mo sì rí wọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n nàró, tí wọ́n wá ń so etí ìró wọn ní kókó. Mi ò kà á sí. Etí ìró yẹn ni owó ilé-ìwé wa wà nígbà èwe wa, kò sì sí ohun tó wọ ibẹ̀ tó sọnù rí. Ní gáréèjì, mo fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lórí iṣẹ́, mo dọ̀bálẹ̀, ìyàwó mi kúnlẹ̀. Ìyá mi gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, wọn ò ní rí ẹlòmíràn mú. Ohunkóhun ò ní dí ọ lọ́nà.” A ṣe àmín, ó dún ketekete.

Epo ti fẹ́ tán, mo bá yà sílé epo tó wà níwájú díẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ta epo ní, “Ẹ pa á o, bọ̀dá.” Mo pa á. Ó rọ epo tán, mo tẹ bọ́tìnnì, kò dún. Mo tún un tẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, mo fi ìkúùkù lù ú. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè, wọ́n ń bú mi. A tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo pe rewáyà. Ìyàwó mi ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ.” Mo ní kó ní sùúrù díẹ̀, yóò ṣiṣẹ́. Ó ní sùúrù, àánú rẹ̀ ṣì ń ṣe mí.

Rewáyà dé, ó fa wáyà jáde bí ìfun ẹran. Ó béèrè rìmóòtù. Mo ní ó wà láàárín ìjókòó méjèèjì, níbi tí mo máa ń jù ú sí. Kò sí níbẹ̀. A tú ìjókòó, a ká ẹní ẹsẹ̀, a ò rí i. Ó ní, “Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ńkọ́, Ọ̀gá?” Mo ní ó wà nílé, lórí ìṣó. “Ihò ẹ̀ wá dà?” Òun náà gbọ́ ohun tó sọ, a jọ ń wo ike dúdú tó fi dí i. Ìbínú gbé mi débi tí mo fi ta ilẹ̀kùn ọkọ̀ ara mi nípàá. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyàwó mi ti bọ́ bàtà gogoro rẹ̀, ó ti ń sáré kọjá títì lọ wọ mọ́tò.

Nígbà tó dé Ìjánikin, wọ́n ti parí. Wọ́n ti mú ẹlòmíràn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi jókòó sórí àga láìbọ́ aṣọ tó lọ̀ dáadáa fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, èmi náà jókòó. Fóònù dún. Ìyá mi ni, wọ́n ti délé. Ohùn wọn ń dán. “Nǹkan dúdú kékeré kan ń yí kiri lẹ́sẹ̀ mi nínú mọ́tò rẹ. Mo ní kó má baà sọnù, mo bá ọ so ó mọ́ etí ìró. Ìgbà tí mo ń tú ìró lálẹ́ yìí ni mo rántí.” Inú ń bí mi, mo sì wá ẹni tí n ó bí i lé lórí tì. Ìyàwó mi tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń wò ó. Ó ní, “Ẹ ṣé, Mà. Ẹ ṣé tí ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀.” Ìyá mi béèrè bí ibi tó lọ láàárọ̀ ṣe rí. Ó ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ní kí òun máa retí wọn.

Mo ti dá ihò kọ́kọ́rọ́ padà sínú ọkọ̀ náà tipẹ́. Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké báyìí nítòsí ilé wa, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ. Ìyá mi fi rìmóòtù náà rán awakọ̀ sí wa, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n so ó le dan-in dan-in. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀, bátìrì inú rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ìyá mi bá pè, wọn á béèrè pé, “Nǹkan tí mo bá ọ tọ́jú ńkọ́? Ṣé o ò tíì sọ ọ́ nù?” N ó ní ó wà, Mà, a ṣì ń lò ó. Ìyàwó mi, bó bá wà nítòsí, á tún sọ láti ibi tó jókòó sí pé, “Ẹ ṣé, Mà.”