Ohùn Kejì

Nígbà tí àwọn akọrin ìjọ wa ní Tukur-Tukur, níhà àríwá níbí, ń kó padà sílùú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi nìkan ló ṣẹ́ kù lórí àga akọrin. Álítò ni mí láti kékeré, ohùn kejì tó máa ń rìn lábẹ́ orin. Mi ò mọ òmíràn kọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo kọ́kọ́ dá dúró, mo kọ ohùn mi tọkàntọkàn. Ó ti mọ́ ìjọ lára kí akọrin máa kọrin fún wọn, nítorí náà wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Sannu, Mama. Ṣé ọ̀fun ń dùn yín ni? Ẹ ṣi orin yẹn kọ." Alàgbà tó ń tẹ dùùrù ní kí n kúkú máa kọ ohùn tí gbogbo èèyàn mọ̀, tàbí kí n wá jókòó sáàárín ìjọ.

Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní kúrò lórí àga akọrin. Ohùn tí gbogbo èèyàn mọ̀, ṣé gbogbo èèyàn ò lẹ́nu ni?"

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi tún pé, mo wọ kẹ̀kẹ́ láti ilé mi ní Danmagaji, mo dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n pe orin, mo dìde, mo tún kọ álítò mi. Wọ́n tún ń wò mí. Bí ẹsẹ kìíní ṣe parí, mo kọjú sí gbogbo wọn.

"Mi ò ṣi orin kọ. Ẹ̀yin lẹ ò tíì kọ tiyín."