Ọ̀fun Àlàájì Olóbì

Kí n tó di nọ́ọ̀sì, mo gbà pé ẹni tó bá ń hanrun ń gbádùn oorun ni. Àlàájì kan tó ń ta obì ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n gbé e wá sí wọ́ọ̀dù wa ní Abẹ́òkúta. Ó ṣe àlùwàlá tán láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fẹ́ dìde, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi etí ìborùn fẹ́ ẹ.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má jí wọn o," ó ní. "Ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun?"

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àyà Àlàájì ń gòkè gan-an, bẹ́ẹ̀ èémí táṣẹ́rẹ́ ló ń ti imú rẹ̀ jáde. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Mo sáré pe dókítà.

Dókítà fi ìka sẹ́yìn egungun àgbọ̀n rẹ̀, nísàlẹ̀ etí, ó tì í síwájú. Híhanrun náà dákẹ́ lójijì. Ó yọwọ́, híhanrun tún bẹ̀rẹ̀.

"Ahọ́n ni," ó wí. "Ó ti rọ, ó ṣubú sẹ́yìn, ó dí ọ̀nà èémí. Wá gbìyànjú ẹ̀."

Mo tì í síwájú. Èémí Àlàájì fẹ́ sí mi lọ́rùn ọwọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹnu yà mí. Lẹ́yìn náà la yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè máa ṣàn jáde, mo sì ń fi ẹ̀rọ tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ fa èyí tó kù.

Kò pẹ́, ìyàwó rẹ̀ gbé ògì gbígbóná jáde. Mo ní kò ṣeé ṣe.

"Ṣé ebi lẹ fẹ́ fi pa wọ́n ni?"

"Rárá, mà. Ẹ fọwọ́ kan ọ̀fun yín, kí ẹ gbé itọ́ mì."

Ó gbé e mì. "Ó gòkè!"

"Ẹ wá fọwọ́ kan tiwọn."

Ó fọwọ́ lé ọ̀fun ọkọ rẹ̀, ó dúró títí. Nǹkan kan ò gòkè níbẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀dọ̀fóró ni ògì náà máa bọ́ sí. Òun fúnra rẹ̀ ló dé abọ́ náà padà.

Lọ́sàn-án, dókítà tó ń kun àwọn èèyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ wá wò ó. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ki rọ́bà tí èémí máa ń gbà kọjá bọ ọ̀fun rẹ̀, kí ọkàn wa balẹ̀.

"Kí n tó lè ki rọ́bà bọ̀ ọ́, mo ní láti kùn ún lóorun. Tó bá ti sùn, ta ló máa sọ fún wa bóyá ó ń sàn tàbí ó ń burú sí i? Oògùn oorun tún lè fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ni ọpọlọ rẹ̀ ń wá báyìí. Tí kò bá lè mí fúnra rẹ̀, màá ṣe é kíá. Ní báyìí, ẹ máa ṣọ́ ọ."

Nígbà tí mo délé ní Ìbarà, mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo la ẹnu, mo ń wá ibi tí ahọ́n ń gbà ṣubú. Àbúrò mi ní, "Àǹtí, ṣé kò sí o?" Nígbà tí mo ṣàlàyé, òun náà dùbúlẹ̀ tì mí.

A ò ki rọ́bà kankan bọ Àlàájì. Ìyàwó rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti àgbọ̀n síwájú, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe é mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ló figbe ta: "Nọ́ọ̀sì! Ó ti gòkè!" A fi ṣíbí fún Àlàájì lómi díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé e mì. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó padà, ọwọ́ ọ̀tún ò sì padà sípò tán. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣa obì títí ó fi darúgbó.

Mo bi dókítà akunnilóorun náà pé ahọ́n kan náà ló ń gbé omi mì, òun ló ń sọ̀rọ̀. Kí ló dé tó fi rántí iṣẹ́ kan ṣáájú èkejì?

Ó rẹ́rìn-ín. "Wá kọ́ iṣẹ́ wa, ká jọ máa wádìí ẹ̀."

Mo lọ kọ́ ọ lóòótọ́.