Màlúù Tó Ń Lá Ògiri Ilé Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ ẹni tó gbọ́n jù nínú ilé wa ní Muṣin láyé ìgbà náà, kó má retí pé bàbá mi ni màá pè. Káfíńtà ni bàbá mi. Ó mọ igi, ó mọ ìṣó, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nípa màlúù. Ìyá mi, tó ń ta iyọ̀ àti káún níwájú ilé, kò kúkú mọ màlúù náà. Àmọ́ ìyá mi máa ń wo nǹkan dáadáa kó tó sọ̀rọ̀. Bàbá mi ní tirẹ̀ á ti sọ̀rọ̀ tán kó tó wò ó.

Òyìnbó ló ṣì ń ṣèjọba nígbà náà, igbó sì ṣì wà láàárín Muṣin àti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ni pé kó pa màlúù fún iléyá lójú òun kí òun tó kú. Àgbò làwa máa ń pa. Lọ́dún yẹn, bàbá mi ra ọ̀dọ́ akọ màlúù lọ́wọ́ Fúlàní kan, ó so ó mọ́ ìdí máńgòrò lẹ́yìnkùlé, ó ní òun á bọ́ ọ sanra kí ọdún tó dé. Ó ránṣẹ́ sí Ìyá àgbà pé kó máa múra.

Màlúù náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Koríko wà níwájú rẹ̀, kò kà á sí. Ògiri alámọ̀ ilé ìwẹ̀ wa ló ń lá ṣáá, bí ẹni pé ọbẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó ń jẹ àkísà, ó ń jẹ eegun tí ajá jẹ kù. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé màlúù tó ń jẹ eegun kì í ṣe màlúù lásán. Èyí tó dun bàbá mi jù ni ọ̀rọ̀ Ààfáà, tó yẹ ẹran náà wò tó ní, “Bó bá ṣe rù báyìí dọ́jọ́ ọdún, kò ní ṣeé fi ṣe iléyá o.” Ìyá àgbà sì ti múra tán.

Bàbá mi wá Fúlàní náà kọjá Ojú Ẹlẹ́gbà lọ síbi tí àwọn darandaran máa ń dúró sí. Tayọ̀tayọ̀ ló padà dé.

“Kànga ni,” ó wí. “Ó ní kànga ni kí n fún un. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́.”

Bí gbogbo ilé ṣe di apọnmi nìyẹn. Bàbá mi fa omi kànga títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Màlúù á mu díẹ̀, á kẹ̀yìn sí garawa, á sì padà sídìí ògiri rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó já okùn. Iwájú ilé ló gbà lọ tààrà, ó sì ti ẹnu bọ igbá káún ìyá mi. Àwọn oníbàárà sá. Ìyá mi ò sá. Ó rọra fa iyọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi igbá káún sílẹ̀ fún un, ó sì jókòó ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló pe bàbá mi.

“Bàbá àwọn ọmọ, kí ni Fúlàní yẹn sọ fún yín gan-an?”

“Mo ti sọ fún ẹ. Kànga.”

“Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.”

Bàbá mi ronú díẹ̀. “Kan… kanwa.”

“Káún nìyẹn,” ìyá mi wí. “Bí àwọn Gàmbàrí tí mo ń rà á lọ́wọ́ wọn ṣe ń pè é nìyẹn.”

Kò rẹ́rìn-ín rárá. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín, mo sì tètè sá kúrò ńlẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Bàbá Oníkànga ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá mi.

Mo fẹ́ràn bí ìyá mi ṣe ṣe iṣẹ́ yẹn débi pé mo ṣì ń rí i lójú mi. Ó máa ń fi ahọ́n tọ́ káún wò kó tó ṣà á. Á gún un pọ̀ mọ́ iyọ̀. Ó tún ń sun eegun nínú iná, á lọ̀ ọ́ kúnná, á pò ó mọ́ ọn, torí ó ní ẹran tó ń wá eegun kiri mọ ohun tó ń wá. Kò bù ú jù, kí inú ẹran má baà bàjẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló fi ń fún un lá, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Màlúù fi ògiri sílẹ̀, ó kọjú sí koríko. Ara rẹ̀ ń dán, ìhà rẹ̀ bò. Ààfáà tún wá wò ó, ó ní ó ti tó ẹran ọdún.

Láàárọ̀ iléyá, lẹ́yìn ìrun, àwọn ọkùnrin fa okùn títí, màlúù ò mira. Ìyá mi bu iyọ̀ àti káún sọ́wọ́, ó bọ́ síwájú, màlúù sì tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́ dé ibi tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí. Ìyá àgbà, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, fọwọ́ pa á lára láti orí dé ìrù, ó ń dúpẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀dọ̀ wá fún Ìyá àgbà, ó ní kí wọ́n gbé e fún ìyá mi.

“Ìyàwó mi,” ó wí, “ìwọ gan-an lo pa màlúù yìí fún mi.”

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbà á. Ẹ̀yìnkùlé ló gbé e lọ, ó pín gbogbo rẹ̀ fún àwa ọmọ, kò fi kan ẹnu. Mo bi í pé kí ló dé.

“Ọwọ́ mi ló ti ń lá iyọ̀,” ó wí, ó sì lọ fọ igbá rẹ̀.